Thermostat Stant SuperStat 195°F fún Ford E-150 àtijọ́ nígbà òtútù Chicago

Ẹni tó bá ń wa bọ́ọ̀sì àtijọ́ ní Chicago lóṣù kìíní ọdún yóò mọ ìṣòro yìí: ọkọ̀ ti rìn jìnnà, síbẹ̀ ọwọ́ gééjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn kò kúrò nítòsí C (ìyẹn tútù), atẹ́gùn tí hítà ń fẹ́ kò gbóná, epo sì ń tán kíákíá, nítorí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ gbà pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù, ó sì ń da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ford E-150 tèmi ṣe, ti ọdún 2003, tó ní ẹ́ńjìnì V8 lítà 4.6, kí n tó ra thermostat Stant yìí, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó máa ń dí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnì sí rédíétọ̀ títí omi náà yóò fi gbóná tó.

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó, kí ó kọ́kọ́ wo omi rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, torí pé bí omi kò bá tó, hítà kò ní gbóná. Lẹ́yìn náà, kí ó tan ọkọ̀, kí ó sì fọwọ́ kan hóòsì òkè tó wọ inú rédíétọ̀. Bí thermostat bá dára, hóòsì náà yóò tutù fún ìgbà díẹ̀, yóò sì wá gbóná lójijì. Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ọkọ̀ wò sì gbé kóòdù àṣìṣe P0128 jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé omi ẹ́ńjìnì kò gbóná dé ibi tó yẹ.

Mo tú bóòtù tó di ilé thermostat mú, mo gbé èyí tó ti bàjẹ́ sókè síbi ìmọ́lẹ̀, mo sì ń rí òdìkejì láàárín ẹnu rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tutù nini. Ìda inú rẹ̀ ló yẹ kó gbóná kó sì wú kí ẹnu náà tó ṣí. Kí n tó de tuntun, mo fi òwú so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná, láìjẹ́ kó kan ìdí ìkòkò, mo sì ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ó pa ẹnu dé pinpin títí omi fi súnmọ́ 195°F, ìyẹn nǹkan bí 90°C, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í là. Etí ẹnu rẹ̀ tí wọ́n gé bíi V ni mo fẹ́ràn jù: omi díẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá, tí omi òtútù kò fi ní ya lu ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Owó rẹ̀ ju ti èyí tó wọ́pọ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra rọ́bà ìdè tuntun mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ìhà tí sípíríǹgì wà kọjú sí ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì yọ atẹ́gùn kúrò nínú omi dáadáa.

Nílé, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì a máa yọ thermostat dànù nítorí ooru. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é níbí. Páálí tí àwọn kan fi ń bo iwájú rédíétọ̀ kò sì lè dípò rẹ̀. Ní báyìí, àárín ni ọwọ́ gééjì mi máa ń dúró sí, kódà lójú ọ̀nà márosẹ̀ nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀.