Ìkìlọ̀ fún àwa tí ọkọ̀ wa ti pẹ́ ní Èkó: ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú ọ́tánétọ̀ yín kí mítà tó sọ̀rọ̀

Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti lé ní ogún ọdún, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní àsìkò òjò tó kọjá ṣì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn mìíràn, mo sì ti fi ojú ara mi rí ẹnìkejì tí ó kó sínú rẹ̀. Rìwáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, wà ní etí títì láàrin Ṣómólú sí Bàríga, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó máa ń tú ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń mú iná wá láti yó bátìrì) tí kò ní àbùkù kankan kúrò lára ọkọ̀ oníbàárà, tí yóò fi èyí tó ti ń kú lọ, tí wọ́n fi ọ̀dà fàdákà kùn, dípò rẹ̀, tí yóò sì ta èyí tó dára náà fún ẹlòmíràn ní owó tòkunbọ̀.

Toyota Camry ọdún 1999 ni ọkọ̀ mi. Nígbà tí àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí mo bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Fádéyí lálẹ́, iná iwájú rẹ̀ á máa rẹ̀ wálẹ̀ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ, bí mo bá sì tẹ iná mọ́ ọn díẹ̀, á tún mọ́lẹ̀ padà. Ní òwúrọ̀, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á máa fà tìkọ̀-tìkọ̀ kí ó tó gbéra. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń kí ènìyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ohun tí ó ṣe lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Kí a tó tanná sí ọkọ̀ ni ó ti rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan pé kí ó bẹ̀rẹ̀ wo bẹ́líìtì. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n tanná sí i. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ó di orí bátìrì mú, ó fà á yọ, ọkọ̀ sì kú lójú ẹsẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, “Dádì, ẹ ti fojú yín rí i. Ọ́tánétọ̀ ti lọ.” Ta ni yóò rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tí yóò ṣì máa jiyàn? ₦85,000 ni mo san, pẹ̀lú owó iṣẹ́. Nígbà tí mo béèrè ti àtijọ́, ó ní òun ti yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí mo san, pé àwọn oníkòńdẹ́ẹ̀mù ni yóò wá gbé e. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ọkọ̀ náà fi dára. Nígbà tí àìsàn ọ̀hún padà dé, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: oríṣiríṣi iná ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, gíá ń já mọ́ra wọn, bátìrì sì ń kú ní gbogbo òru. Mo dá ọkọ̀ padà fún un. Ó ki sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, bọ̀ ọ́, ó fi nọ́ńbà kan hàn mí, ó ní brainbox, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti jó, pé ₦180,000 ni òmíràn, pé ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ ẹni tí òun fẹ́ bá rà á, kí n yára sanwó lọ́jọ́ náà. Ìkánjú yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ sùn lé e lórí, àbúrò mi sì mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Yábà.

Bàbá yẹn kò fọwọ́ kan sípánà rárá. Mítà kékeré kan ni ó mú jáde. Ó fi ẹnu pupa àti dúdú rẹ̀ kan orí bátìrì méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, ó ka 11.9 fóòtì, ìwọ̀n agbára iná. Ó ṣàlàyé fún mi pé bátìrì tó yó dáadáa yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 12.6 fóòtì bí ọkọ̀ bá ti sinmi. Ó fi bátìrì tirẹ̀ ran tèmi lọ́wọ́ láti gbé ọkọ̀ dìde, ó sì yọ tirẹ̀ kúrò, ó fi tèmi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà náà sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú mi, bẹ́ẹ̀ láàrin 13.8 sí 14.5 ni ó yẹ kí ó wà bí ọ́tánétọ̀ bá ń yó bátìrì. Ó gbé ẹnu pupa náà lọ sí ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ gan-an: nǹkan kan náà ni. Èyí tí mo ra ní ₦85,000 kò mú ohunkóhun wá.

Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Ó fi ẹnu mítà kan sí orí négétífù bátìrì, ó fi èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Mítà ka 1.3. Ó ní kò yẹ kí ó fi bẹ́ẹ̀ kọjá 0.2, pé iná ń sọnù lójú ọ̀nà nìyẹn. Ó tọ wáyà áátì, èyí tó so négétífù bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì, lọ títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi ọ̀bẹ la rọ́bà rẹ̀, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé sì dà jáde sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo okùn bàbà inú wáyà náà, bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin ni kò tíì jẹrà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí ọ̀sà bíi tiwa, tí ẹ sì ń wa ọkọ̀ gba inú àgbàrá ní gbogbo ìgbà òjò, ẹ ṣọ́ wáyà yìí o, nítorí pé omi máa ń rá wọ abẹ́ rọ́bà rẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn rí nǹkan kan lókè. Àìsàn ọkọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wáyà ₦6,500.

Ọkùnrin Ṣómólú yẹn mọ̀. Ó ti fi bébà dígí nu orí bátìrì àti ìdí áátì mọ́ nígbà tó ń de ọ́tánétọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi dára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá yìí tún fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀tàn ti orí bátìrì. Ẹnu wáyà kékeré kan wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ti fà á yọ kí ẹ tó tanná, ọ́tánétọ̀ tó dára jù lọ láyé kò ní mú iná wá, ọkọ̀ á sì kú bí a bá ti yọ orí bátìrì. Àmì rẹ̀ nìyí: lára ọkọ̀ tó jọ tèmi, bí ẹnu wáyà yẹn bá ti yọ, iná onírísí bátìrì tó yẹ kó tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnnì tó gbéra, kò ní tàn. Mo wá rántí pé kò tàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má tilẹ̀ gbà fún ẹnikẹ́ni láti yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ olóòótọ́, nítorí pé iná tó máa ń ta sókè lójijì nígbà yẹn lè jó brainbox gan-an, ẹ ó sì padà wá rà á lọ́wọ́ ẹni tó jó o.

Nígbà tí wọ́n tú ọ́tánétọ̀ tí wọ́n tà fún mi, ọ̀dà fàdákà náà wọ gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó sì bo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Kábọ́ọ̀nù méjèèjì inú rẹ̀, tí iná ń gbà kọjá, ti jẹ tán. Bàbá pààrọ̀ wọn àti rẹ́gúlétọ̀ tó ń díwọ̀n iná, ₦14,000, mítà sì ka 14.2. Inú àpótí fíúsì ni ó tún ti bá fíúsì 30 aláwọ̀ ewé ní ibi tí 15 aláwọ̀ búlúù yẹ kí ó wà. Èyí bí mi nínú ju owó lọ. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, wáyà ni ìbá kọ́kọ́ gbaná kí fíúsì yẹn tó já, àwọn ọmọ ọmọ mi sì máa ń jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn lọ sí ilé ìwé.

Ní oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyá kan ní àdúgbò wa, tí Camry tirẹ̀ jọ tèmi, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti bu omi sí rédíétọ̀. Mo lọ bá a gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Ọ̀dà fàdákà ni mo kọ́kọ́ rí. Ní ọdún 2016, nígbà tí mo ra ọ́tánétọ̀ mi ní Ládípọ̀, mo fi ìṣó ha lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àkọ́bí mi sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tọrọ àkísà, mo fi epo díẹ̀ sí i, mo nù ún, lẹ́tà méjèèjì sì jáde. ₦90,000 ni wọ́n tà á fún ìyá yìí, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni. N kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ti sanwó, ọ́tánétọ̀ tirẹ̀ náà sì ti wà lára ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Àwa méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ àwọn rìwáyà àdúgbò. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ sẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi fọ́tò lẹ́tà náà hàn án, ó dá ₦40,000 padà fún mi, ó sì ṣèlérí ìyókù. Títí di òní, ìlérí ni. A ti kọ ìwé ẹ̀sùn sí LASCOPA, ilé iṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, a sì fi fọ́tò àti rìsíìtì sí i. Rìsíìtì mi kò kọ ju “àtúnṣe” lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ orúkọ ohun tí wọ́n pààrọ̀ sí tiyín.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan lára ọkọ̀ yín, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ fi mítà hàn yín, ní pípa àti ní títàn, kí ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà náà. Mo ti ra tèmi ní ₦8,000. Bí ó bá fi sikánà dá yín lẹ́jọ́, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí ẹ wá ìtumọ̀ rẹ̀. P0562, fún àpẹẹrẹ, kò sọ ju pé agbára iná ọkọ̀ lọ sílẹ̀, kò dárúkọ brainbox. Ohun tí wọ́n bá tú, tiyín ni. Ẹ gbé e lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ti ra ọ́tánétọ̀ aláwọ̀ fàdákà ní agbègbè Ṣómólú sí Bàríga láti ìgbà òjò wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi epo nu ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ẹnìkan ti ha nǹkan sí i. Bí ẹ bá rí àmì kankan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, a ó fi kún ìwé ẹ̀sùn náà.