HO, N àbí Z: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà Bí Àyè Yín Ò Bá Tóbi?

HO, N àti Z ni orúkọ ìwọ̀n mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣe rélùwéè kékeré, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣe ní kékeré bíi ti gidi. Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé ẹ́ńjìnnì tó ń dán nínú páálí. Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn tábìlì yín. Àyè tó wà nílẹ̀ ló máa sọ irú rélùwéè kékeré tí ẹ lè tò, àti bóyá ẹ máa lè gbé e jáde fún ẹlòmíì wò.

| | HO | N | Z |
|---|---|---|---|
| Ìlọ́po tí ọkọ̀ gidi fi tóbi jù ú | 87 | 160 | 220 |
| Àlàfo irin méjèèjì, ní mìlímítà | 16.5 | 9 | 6.5 |
| Gígùn kọ́ọ̀ṣì onímítà 20, ní sẹ̀ǹtímítà | 23 | 12.5 | 9 |

Ibi tí irin bá ti yí ni àyè ti ń tán. Irin Märklin (iléeṣẹ́ tó ń ṣe rélùwéè kékeré) tó yí há jù fún HO tí wọ́n sábà ń tà gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 72 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. N ti Kato, iléeṣẹ́ mìíràn, tí ìdajì fífẹ̀ òbìrí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 249 gba bíi sẹ̀ǹtímítà 50. Z lè yí po nínú 29. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń há sí i ni kọ́ọ̀ṣì gígùn ń yọ ìdí síta bí ẹni tó ń jó.

Ta ló wá ní HO ò wúlò fún yàrá kékeré? Kò di dandan kí ọkọ̀ yí po. Alan Wright, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé eré kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Inglenook: ojú irin mẹ́ta tí kò já síbì kankan, ọ̀kan gba wágọ́ọ̀nù 5, àwọn méjì yòókù gba 3, 3. Wágọ́ọ̀nù 8 ló wà lórí irin. Ẹ ó ṣẹ́ kèké, ẹ ó sì to 5 nínú wọn bí kèké ṣe mú un. Ọ̀nà 6,720 ló lè gbà jáde. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó o. HO tún wúwo, ó ń di irin mú, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún ohun tó ń gbé ìró jáde. Ọ̀kan péré ni kí ẹ ṣọ́ra fún: HO Märklin tó ń lo iná AC kò bá irin HO tó kù lọ. Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ bèèrè.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ so tiyín mọ́ tàwọn ẹlòmíì, N ni kí ẹ rà. T-TRAK, tó ti Japan wá, ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Àpótí pákó tí ojú irin rẹ̀ gùn ní mìlímítà 310 ni, irin Unitrack ti Kato wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣeé yí sókè sódò bí tábìlì ò bá tẹ́jú. Ẹ ṣe ọ̀kan nílé, kí ẹlòmíì ṣe tirẹ̀, ẹ so wọ́n pọ̀ lórí tábìlì lásán, ọkọ̀ á sì gba orí gbogbo wọn kọjá. Àmọ́ ìlọ́po N ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 148, ọ̀pọ̀ ti Japan jẹ́ 150. Irin kan náà ni wọ́n ń gùn, ilé àti èèyàn ni kò ní ṣe déédéé.

Z, tí Märklin gbé jáde ní 1972, ń wọ inú àpò ìrìnnà. Ó rẹwà, àmọ́ ó fúyẹ́ débi pé ìdọ̀tí díẹ̀ lórí irin á dá a dúró, ohun tí ẹ sì lè rà fún un kò pọ̀. Èmi ò ní fi bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ ní kí olùtajà fi ẹ́ńjìnnì náà rìn jẹ́jẹ́ kọjá ibi tí irin ti pínyà. Bó bá dúró lẹ́ẹ̀mejì, kó dá a padà sínú páálí.