Àgbéyẹ̀wò: Ríra Adójútòfò Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ohun Tó Kù fún Ejẹ́ǹtì

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni títa adójútòfò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí oníbàárà ti ń tẹ ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti irú ọkọ̀ tàbí ilé tó ní sínú fóònù, tí iye tí yóò san ń jáde lójú ẹsẹ̀, tí ìwé àdéhùn sì ń wọlé sínú ímeèlì rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ti ra ti ọkọ̀, ti ìrìnàjò àti ti ẹ̀mí lọ́nà yìí, mo sì ti ra irú wọn kan náà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì rí, nítorí náà mo lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀rọ ti gba títà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì, kò sì jọ pé yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ejẹ́ǹtì gidi ń ṣe kí ó tó tà, àti èyí tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá tà tán, ṣì wà nílẹ̀ tí ẹ̀rọ kò tíì gbé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé títà nìkan ni wọ́n ń sanwó fún.

Kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yíyìn. Fún adójútòfò ìrìnàjò àti ti ọkọ̀ tí kò ní ìdijú, kò sí ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kò pọ̀, iye owó hàn gbangba, ìwé àdéhùn sì wà níbi tí a ti lè rí i lóru tàbí lọ́jọ́ ìsinmi. Àwọn ojú òpó tó ń to iye owó oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ síwájú oníbàárà tún jẹ́ kí a rí i pé ilé-iṣẹ́ méjì lè bu iye tó jìnnà síra lé ewu kan ṣoṣo. Àmọ́ kí a má gbàgbé pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ń sanwó fún irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà tí a bá ti ibẹ̀ ra nǹkan. Ejẹ́ǹtì ni òun náà, kò kàn ní ojú ni.

Àsọtẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ejẹ́ǹtì ti fẹ́ parẹ́ kì í ṣe tuntun. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò GEICO sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1936 ló ti ń ta adójútòfò ọkọ̀ fún oníbàárà ní tààrà. Ilé-iṣẹ́ Direct Line gbé e gba orí tẹlifóònù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985, ilé-iṣẹ́ Progressive ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1997, nígbà tó sì di 2013, Carl Frey àti Michael Osborne ti Yunifásítì Oxford ṣírò rẹ̀ pé ìdá 92 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe tó kí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ àwọn tó ń ta adójútòfò. Síbẹ̀, nígbà tí Google fúnra rẹ̀ gbé Google Compare, ojú òpó tó ń to iye owó oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ síwájú oníbàárà, wọ ọjà adójútòfò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2015, kò ju 2016 lọ tó fi tì í pa. Ẹni tó bá rò pé agbára kọ̀ǹpútà nìkan ló ń ta adójútòfò, kó tún un rò.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti mẹ́hẹ jù lọ ni fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Àdéhùn adójútòfò yàtọ̀ sí ọjà mìíràn, nítorí pé ohun tí oníbàárà bá sọ nípa ara rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ fi ń díwọ̀n ewu. Láti ìgbà tí Adájọ́ Mansfield ti dá ẹjọ́ Carter àti Boehm ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1766 ni òfin ti ń retí pé kí ẹni tó ń ra adójútòfò sọ gbogbo òótọ́ tó ṣe kókó láìfi ọ̀kan pamọ́. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2012 ti dín ẹrù náà kù fún oníbàárà lásán, ó ní ilé-iṣẹ́ ni kó béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀ láyé, ọrùn oníbàárà ni ẹrù náà ṣì wà. Ẹ wáá wo ohun tí fọ́ọ̀mù ń ṣe. Ó béèrè bóyá ọkọ̀ wà fún ìlò ara ẹni tàbí fún òwò, ó sì fi àpótí méjì síwájú wa. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń fi gbé ọjà fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èwo ni yóò tẹ̀? Èyí tí owó rẹ̀ kéré ni yóò tẹ̀. Ẹ̀rọ yóò gbà á, yóò sì kí i kú oríire. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá kọlu nǹkan pẹ̀lú ọjà nínú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ yóò tó yẹ ìdáhùn yẹn wò. Ejẹ́ǹtì tó mọṣẹ́ ì bá ti béèrè ohun tó máa ń wà nínú búùtù.

Ti ilé tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn adójútòfò ilé àti ilé ìtajà, òfin kan wà pé bí onílé bá kọ iye tó kéré sí ohun tí ilé náà tó, ilé-iṣẹ́ yóò dín owó òfò kù ní ìwọ̀n kan náà. Bí ilé bá tó mílíọ̀nù 10, tí onílé kọ mílíọ̀nù 6, tí iná sì ba èyí tó tó mílíọ̀nù 2 jẹ́, mílíọ̀nù 1.2 ni wọn yóò san fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mílíọ̀nù 6 ló wà nínú ìwé. Lórí àwọn ojú òpó tí mo yẹ̀ wò, àpótí tí a ó kọ iye ilé sí wà lókè pátápátá, àlàyé òfin yìí sì wà nínú ìwé gígùn kan tí kò sẹ́ni tó ní ká kà kí a tó sanwó. Bí a bá sì ti ń dín iye ilé kù nínú àpótí yẹn ni owó tí a ó san ń lọ sílẹ̀ lójú wa. Ta ni kò ní fẹ́ dín in kù sí i?

Ní ti gbígba owó òfò, òfò kékeré yàtọ̀ sí ńlá. Lemonade, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ọjà títà ní 2016, kéde pé ẹ̀rọ òun san owó ẹ̀wù òtútù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3. Mo gbà á gbọ́, nítorí kò sí àríyànjiyàn nínú ẹ̀wù kan. Èyí tó bá díjú, ènìyàn ni ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń gbé e fún. Tèmi, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ mìíràn tí n kò ní dárúkọ, jẹ́ ẹrù ìrìnàjò tó sọnù. Ẹ̀rọ tó ń fèsì ń béèrè ìwé tí mo ti fi ránṣẹ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì tún ń béèrè rẹ̀. Ìgbà tí mo rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti gé orúkọ mi kúrú lórí ìwé tiwọn, kò sì bá ti inú àdéhùn mu mọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ẹnìkan fi ọkọ̀ gbá tèmi láyé ìgbà tí mo ṣì ní ejẹ́ǹtì, orí fóònù ni ejẹ́ǹtì mi náà ti sọ ohun tí n ó yà ní fọ́tò fún mi kí wọ́n tó wọ́ ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó sọ ìwé tí n ó gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ náà fún mẹkáníìkì kí ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán tó yẹ̀ ẹ́ wò.

N kò sọ èyí láti fi ejẹ́ǹtì ṣe ẹni mímọ́. Nínú adójútòfò ẹ̀mí pàápàá, kọmíṣọ̀n ọdún àkọ́kọ́ sábà máa ń ga fíìfíì ju ti àwọn ọdún tó tẹ̀lé e lọ, ìdí nìyí tí a kì í fi gbúròó àwọn ejẹ́ǹtì kan mọ́ tí a bá ti buwọ́ lùwé tán. Àwọn kan a máa ta àdéhùn olówó gọbọi tó ní ìfowópamọ́ nínú fún òbí tí kò nílò ju owó tí yóò tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí ó bá kú lọ. Irú wọn ni íntánẹ́ẹ̀tì yóò kọ́kọ́ gbá kúrò, n kò sì ní bá wọn kẹ́dùn.

Ní ti àwọn yòókù, ìbéèrè tó le ni ti ẹni tí yóò sanwó iṣẹ́ wọn. Orílẹ̀-èdè Netherlands fòfin de kọmíṣọ̀n lórí adójútòfò ẹ̀mí àti àwọn ọjà owó mìíràn tó díjú láti oṣù Kìíní 2013, tó fi jẹ́ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń sanwó ìmọ̀ràn. Ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ́ lára pé ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn (kò sì jẹ́ ọ̀fẹ́ rí, inú owó tó ń san ni wọ́n ń fi í sí) yóò lọ́ra láti san án nígbà tí ó lè rí àdéhùn lórí fóònù ní iye tó dín. Ewu tó dojú kọ ejẹ́ǹtì nìyẹn lójú tèmi: ẹ̀rọ ti gba apá tó ń mówó wọlé, apá tó ń jẹ àkókò ló ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá ní kí n fún iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí ní máàkì, n ó fún un ní 9 nínú 10 fún yíyára, 4 fún àlàyé, àti 5 fún owó òfò, ìyẹn nítorí pé ó ń ṣe dáadáa lórí òfò kékeré. Adójútòfò ìrìnàjò mi tó kàn, orí fóònù ni n ó ti rà á. Ti ẹ̀mí tí mo ti rà níbẹ̀, mo ti gbé ìwé rẹ̀ fún ejẹ́ǹtì kan láti bá mi kà, mo sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un lọ́tọ̀. Ti ilé, n kò ní tẹ iye kankan sínú àpótí yẹn kí ẹni tó mọ owó ilé kíkọ́ tó bá mi wò ó.