Kọnkéré barite inú àpò fún yàrá ìtànṣán: mo lò ó, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí

Àpò 25 kílò ni wọ́n ń kó o sí, àpò náà sì kéré débi pé ọmọ iṣẹ́ mi kan rò pé wọ́n ti yọ nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan fà á, àpò ò mira. Ibẹ̀ ló ti yé wa pé ohun tí a rà yìí kì í ṣe kọnkéré tí a ti ń dà látọjọ́ yìí.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe ni pé wọ́n fẹ́ dí ẹnu ọ̀nà àtijọ́ kan pa ní yàrá tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Ògiri tó yí ẹnu ọ̀nà náà ká nípọn ní 70 sẹ̀ǹtímítà, kọnkéré wíwúwo sì ni. Ohun tí a ó fi dí i ò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ jù ú lọ. Kọnkéré lásán ń wọn nǹkan bí 2,350 kílò nínú kúbíìkì mítà kan. Èyí tí wọ́n fi barite ṣe, ìyẹn òkúta kan tó wúwo gan-an, sábà máa ń wà láàárín 3,200 sí 3,600, 3,400 ni wọ́n sì kọ sára àpò tiwa. Ìwúwo yẹn gan-an la sanwó fún, torí pé bí ohun tó dí ìtànṣán X-ray tàbí gamma lọ́nà bá ṣe wúwo tó ni agbára wọn ń dínkù tó. Ibi tí kọnkéré lásán yóò ti gba mítà kan, 70 sẹ̀ǹtímítà èyí á ṣe é. Ẹ̀rọ yàrá náà jẹ́ 6 MV (MV ni mílíọ̀nù fólítì, òun ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtànṣán rẹ̀), nítorí náà a ò ní wàhálà neutron, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí ìtànṣán tó lágbára gan-an máa ń lé jáde láti inú átọ́ọ̀mù. Bí ẹ̀rọ tiyín bá ju 10 MV lọ, ẹ bá onímọ̀ físíìsì yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra èyí, torí omi inú kọnkéré àti èròjà bíi boron ló ń dá neutron dúró, ìwúwo nìkan ò tó.

Ìwé pélébé inú àpò ní kí a pò ó títí yóò fi dán. Gbólóhùn yẹn ṣì ń bí mi nínú. A po àkọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú 10, ó sì dán lóòótọ́, àmọ́ òkúta inú rẹ̀ ti ń lọ. Barite kì í ṣe òkúta líle, ọ̀bẹ lásán lè ha á. Bó bá pẹ́ tó ti ń yí nínú míkísà, etí rẹ̀ á máa fọ́, á di ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun náà á sì máa fa omi mu. Kí ẹ tó mọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti ki, àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì máa ní kí ẹ bu omi kún un. Mi ò gbà, a dà á nù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú 3 la fi ń pò ó, ó sì tó. Ẹ má sì kó o kún míkísà bí ẹ ṣe máa ń kó tàtijọ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kí ẹ fi mọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́tò ẹ̀rọ á jóná.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọjà yìí ni pé ìwọ̀n rẹ̀ ò yẹ̀. Mo gbé òṣùwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ míkísà, àpò 8 la ń pò lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìgbà tí a bá pò la sì ń bu díẹ̀ sínú àpótí irin 15 sẹ̀ǹtímítà, a ó kì í dáadáa, a ó wọ̀n ọ́n. Kọnkéré lásán nínú àpótí yẹn kì í ju kílò 8 lọ. Tiwa wọn 11.5, 11.4, 11.5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọn 11.2. Mo dá iṣẹ́ dúró, mo béèrè, ẹnìkan sì jẹ́wọ́ pé òun ti rọra bu omi bíi lítà 2 sí i kó lè rọrùn láti kó. Lítà 2 péré o! A ò lo èyí náà. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n nídìí iṣẹ́ kò lè mọ irú ògiri tó ń mọ.

Ní ti dídà, ẹ jẹ́ kí káfíńtà yín mọ̀ pé ìtì kọnkéré yìí lára pákó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po kan àbọ̀ ti èyí tó mọ̀. Ìpele 30 sẹ̀ǹtímítà la ń dà á, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ la sì ń fi ẹ̀rọ amìkọnkéré sínú rẹ̀, torí bó bá pẹ́ jù, òkúta á rì sísàlẹ̀, omi á léfòó sókè. Etí ògiri àtijọ́ náà, a ti gbẹ́ ẹ bí àtẹ̀gùn kí a tó dé pákó, kí ojú ìdàpọ̀ má bàa lọ gbọnrangandan láti inú dé ìta.

Ìlà kan ṣoṣo ni ìwé wọn kọ nípa ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn dídà: ẹ jẹ́ kó máa tutù. Ìyẹn lè ba iṣẹ́ jẹ́. Sìmẹ́ńtì ń gbóná bó ṣe ń le, ooru àárín ògiri tó nípọn báyìí kì í sì í tètè rí ọ̀nà jáde. Bí àárín bá fi bíi 20 dígírì gbóná ju ara òde lọ, ògiri lè sán, ojú sísán sì lè di ọ̀nà fún ìtànṣán. A ti so wáyà òṣùwọ̀n ooru mọ́ inú rẹ̀ kí a tó dà á. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àárín jẹ́ 56, ara òde jẹ́ 39. Ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé omi tútù dé láti bù ú sára pákó, mo sáré dì í lọ́wọ́ mú, torí omi yẹn á mú kí ìyàtọ̀ náà pọ̀ sí i. Aṣọ nípọn la kó bo pákó bí ẹni bo ọmọ tí òtútù ń mú. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyàtọ̀ ti wálẹ̀ sí 12. Ọjọ́ 7 la fi pákó sílẹ̀, a sì tún fi aṣọ tí a rẹ sínú omi àti ọ̀rá wé ògiri náà fún ọjọ́ 7 mìíràn.

A tú pákó, ara ògiri dán, kò sí ihò kankan. Inú mi dùn gan-an. Àfi ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àtẹ́rígbà, mo rí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tí páálí wọ̀ geerege. Kọnkéré náà ti fi ìwúwo ara rẹ̀ jókòó. Àwòrán ẹnu ọ̀nà tí wọ́n dí pa wà lára àpò wọn, síbẹ̀ wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gbé ẹnu ibi tí yóò ti máa da kọnkéré ga dáadáa ju àtẹ́rígbà lọ, kí èyí tó wà lókè lè máa ti tìsàlẹ̀ kún. 5 sẹ̀ǹtímítà ni tiwa fi ga, kò tó. A ra ìyẹ̀fun barite, a pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì, a sì fi páìpù tì í wọlé láti ojú kan títí tó fi yọ lójú kejì.

Onímọ̀ físíìsì wá wọn abẹ́ àtẹ́rígbà náà nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ohun tó kà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ara ògiri tó kù. Fún ẹnu ọ̀nà tàbí ihò, màá tún ra ọjà yìí. Fún odindi ògiri, rárá, àpò á ti pọ̀ jù. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe é pé kí wọ́n yọ “títí yóò fi dán” kúrò nínú ìwé wọn, kí wọ́n kọ iye ìṣẹ́jú síbẹ̀, kí wọ́n sì sọ ti àtẹ́rígbà. Wọn ò tíì fèsì.