Máàkì ìkọ̀kọ̀ àbí máàkì gbangba nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́?

Nínú ìjàkadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ló pàdánù, gbogbo ojú ló sì rí i. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ mẹ́ta ló ń fún ẹni tó borí abala (ráúńdì) kan ní máàkì 10. Ẹnì kejì sábà máa ń gba 9, tàbí 8 bí wọ́n bá lù ú ṣubú. Ohun tí à ń jiyàn lé lórí ní ilé ìwòran wa ní Lágere, nílé-Ifẹ̀, ni pé: ṣé kí wọ́n fi máàkì pamọ́ títí ìjà yóò fi parí ni, àbí kí wọ́n kà á síta lẹ́yìn abala 4 àti 8, bí WBC, ọ̀kan nínú àwọn àjọ ìjà ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé, ti fàyè gbà á?

Ti ìkọ̀kọ̀ ń mú kí ọkàn wa máa lù kì-kì-kì dópin. Ṣùgbọ́n ẹ wo oṣù kẹta ọdún 1999 ní New York. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i pé Lennox Lewis na Evander Holyfield. Nígbà tí wọ́n ro máàkì abala 12 pọ̀, adájọ́ kan kọ 116-113 fún Lewis, ìkejì kọ 115-115, ìkẹta kọ 115-113 fún Holyfield. Wọ́n ní ọ̀mì ni! Lewis kò mọ bí máàkì ṣe rí títí ìjà fi parí.

Ti gbangba náà lábùkù: ẹni tó wà níwájú lè máa sá kiri, ariwo èrò sì lè dẹ́rù ba adájọ́. Síbẹ̀, òun ni mo fara mọ́. Ẹni tó ń fi orí gba ẹ̀ṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí ìjà dé, kí abala mẹ́rin tó gbẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀.