Tòkunbọ̀ láti ìlú òtútù: ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ àbí èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ ìgbafẹ́ sórí omi Jabi ní Abuja, tí ẹ sì ń wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ ká fi agbára ẹṣin sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á yóò ka ìyẹn fún yín bí oríkì. Ohun tí kò ní sọ ni bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe lo ìgbà òtútù tó gbẹ̀yìn ní Kánádà.

Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Irin búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gan-an, kì í yẹ̀ fún un, ńṣe ló máa ń sán. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń dà omi inú ẹ́ńjìnnì nù kí òtútù tó dé, tí wọ́n á sì rọ oògùn pínkì kan sí i tí kì í tètè dì. Ẹni tó gbàgbé, tí tiẹ̀ sì sán, ta ni yóò tà á fún bí kò ṣe àwa tí ọyẹ́ wa, kódà ti Jos, ò mọ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀?

Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ rà. Omi odò ló máa ń gba inú rẹ̀ kọjá kó má baà gbóná jù, omi náà sì máa ń ṣẹ́kù sínú búlọ́ọ̀kù àfi bí wọ́n bá ṣí ìdérí kéékèèké ìdí rẹ̀. Wọ́n tan tèmi lójú mi fún ìṣẹ́jú méjì, mo sanwó, mo gbé e gba Lọ́kọ́ja wá. Ní Jabi, bó ṣe gbóná báyìí ni ohùn rẹ̀ yí padà. Mo fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde: ògì bàbà ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì; omi ti pò mọ́ ọn. Mẹkáníìkì mi fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti lẹ ẹ́ o!" Gọ́ọ̀mù irin ló wà lábẹ́ ọ̀dà, ó gùn tó ìka mi. Wọ́n sì ti pààrọ̀ ọ́ìlì kí n tó dé.

Tó bá jẹ́ irú èyí lẹ fẹ́, ẹ má gba ìṣẹ́jú méjì. Kí wọ́n fi họ́ọ̀sì fún un lómi, kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, torí ibòmíì tó sán kì í là àfi bí irin bá gbóná. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo ọ́ìlì. Ọ̀dà tuntun lára irin àtijọ́, ẹ họ ọ́. Mẹkáníìkì tiyín, kì í ṣe tiwọn, ni kó wọn kọ́ǹpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ti ìdí ọkọ̀ ńkọ́? Bó bá ti dúró ṣánṣán, omi inú rẹ̀ á ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Ọ́ìlì jíà ìsàlẹ̀ nìkan ni kí ẹ wò: bó bá funfun bí wàrà, omi ti wọlé síbẹ̀, yìnyín sì lè ti la ilé jíà.

Ariwo: ti inú ọkọ̀ rọra ń dún. Epo: ti ìdí ọkọ̀ tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ń mu bí ọ̀mùtí. Pátì ẹ́ńjìnnì: àwọn apẹja Lọ́kọ́ja lè tú Yamaha 40, tó jẹ́ ti ìdí ọkọ̀, palẹ̀ lójú oorun.

Méjèèjì ló dára o. Ẹni tó fẹ́ ìrìn jẹ́jẹ́, tó sì ní sùúrù, kó ra ti inú ọkọ̀. Yamaha 40 lèmi ń lò báyìí. Búlọ́ọ̀kù ọjọ́sí ṣì wà lẹ́yìn ilé mi ní Kubwa, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wo bí ibi tí yìnyín là ṣe ń rí.