Druitt àbí Kosminski: èwo lẹ̀rí tẹ̀ sí jù?

Ní 1894, Macnaghten, ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní London, dárúkọ àwọn méjèèjì mọ́ àwọn tí wọ́n fura sí pé ó jẹ́ Jack the Ripper, apààyàn tó pa obìnrin 5 ní agbègbè Whitechapel ní 1888.

Ó pe Druitt ní dókítà ẹni ọdún 41. Ó ṣì í: lọ́yà tó tún ń ṣe tíṣà ni, ọdún 31 ló jẹ́. Wọ́n yọ òkú rẹ̀ nínú odò Thames ní òpin ọdún náà, òkúta kún àpò aṣọ rẹ̀. Ikú yìí gan-an ló kó o sínú ẹjọ́. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí òkú Annie Chapman, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin 5 náà, ó ti wà ní Blackheath, ó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì!

Kosminski, onígbàjámọ̀, ń gbé Whitechapel ní tiẹ̀. Swanson, ọlọ́pàá tó bójú tó ìwádìí náà, fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ pé ẹlẹ́rìí dá a mọ̀, àmọ́ ẹlẹ́rìí náà kò fẹ́ jẹ́rìí. Swanson tún ní kò pẹ́ tí Kosminski fi kú nílé wèrè. Àmọ́ 1919 ni Aaron Kosminski, ẹni tí wọ́n gbà pé òun ni, tó kú. Síbẹ̀, ẹ̀rí ti Kosminski ló wúwo díẹ̀ jù.